Géètì Ẹ̀yìn Ni Mo Fi Sílẹ̀, Wọ́n sì Fi Mí Sára Àwọn Méje Tó Máa Dá Ẹjọ́ Rẹ̀

Mo ti parọ́ lórí Bíbélì. Bíbélì mọ́mì mi. Ẹ jẹ́ kí n tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí tí mo bá ní kí n máa rọra yọ́ wọnú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò ní sọ ọ́ tán. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́ o, àwọn ará close wa ń ka page yìí dáadáa, mọ́mì mi gan-an máa ń kà á tí wọ́n bá ti jẹun alẹ́ tán, wọ́n á jókòó sórí àga wọn, wọ́n á máa dá àwọn èèyàn lẹ́bi lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo orúkọ tí mo bá dá níbí, mo ti yí i padà. Ọjọ́bọ̀ ni òní. Ní Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n máa ní kí àwa méje nawọ́ sókè… mi ò sì mọ ohun tí ọwọ́ mi máa ṣe.

Festac ni mo dàgbà sí, nínú close kan náà, àdúgbò kékeré tí wọ́n fi géètì sé, nínú fúláàtì kan náà, èmi àti mọ́mì mi. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mí. Níbi iṣẹ́ mi ní Àpápá, èmi ni mo máa ń fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ń wáṣẹ́ lẹ́nu wò kí ọ̀gá tó rí wọn. Mò ń sọ ìyẹn kí ẹ lè mọ irú èèyàn tó ń bá yín sọ̀rọ̀ ni. Mo mọ bí òpùrọ́ ṣe máa ń jókòó. Mo mọ bó ṣe máa ń tètè dáhùn kéèyàn tó bi í tán. Mo ti lé èèyàn padà sílé rí torí pé ó fi ọdún méjì péré kún iṣẹ́ tó ṣe rí, mo sì sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Close wa ní géètì méjì. Ti iwájú kọjú sí títì, ibẹ̀ ni Bọ̀dá Gàníyù, géètìmáànù wa, máa ń jókòó. Ti ẹ̀yìn kéré, èèyàn kan ṣoṣo ló lè gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan, ó já sí ọ̀nà tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kánáàlì, téèyàn bá sì rìn ín dé òpin, á bọ́ sọ́dọ̀ àwọn télọ̀ àtàwọn kẹ̀kẹ́ tó ń lọ Alákijà. Látìgbà tí àwọn olè ti gba ibẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan, òfin close ni pé kí ó máa wà ní títì pa. Kọ́kọ́rọ́ méjì péré ni close ṣe, ọ̀kan wà lọ́wọ́ ṣíámáànù, ọ̀kan wà lọ́wọ́ Bọ̀dá Gàní. Ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ kẹta wà lọ́wọ́ mi.

Mi ò jí i o! Bọ̀dá Gàní ló jẹ́ kí n ní in. Ní àsìkò òjò ọdún tó kọjá, omi máa ń kún ojú títì iwájú débi pé bọ́ọ̀sì ọ́fíìsì wa á ti lọ kí n tó rọ́nà kọjá, mo wá ń bẹ̀ ẹ́ láràárọ̀ pé kó bá mi ṣí ti ẹ̀yìn. Nígbà tó sú u, ó yọ kọ́kọ́rọ́ tọwọ́ rẹ̀, ó ní kí n lọ gé irú ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń gé kọ́kọ́rọ́, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí n ṣáà máa tì í lẹ́yìn ara mi. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ mí nìyẹn… kí n máa tì í lẹ́yìn ara mi. Torí ó mú mi bí àbúrò, torí mọ́mì mi máa ń bu oúnjẹ fún un lọ́jọ́ Sọ́ńdè, torí ó gbà pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni mí. Ìkirè ló ti wá, ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta wà, yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ni gbogbo ilé tó ní l'Ékòó. Ọjọ́ tí iṣẹ́ yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ilé náà bọ́ nìyẹn.

Fúláàtì tó wà nísàlẹ̀ tiwa, Daddy Tísà àti ìyàwó wọn ló ń gbébẹ̀. Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni Daddy Tísà, gbogbo àwa tá a dàgbà ní close yẹn, orí àtẹ̀gùn wọn la ti kọ́ times table. Láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni àrùn ìgbàgbé ti ń ṣe wọ́n. Wọ́n ti gbàgbé orúkọ Sister Bùnmi, ọmọ tí wọ́n bí nínú ara wọn, ṣùgbọ́n wọn ò gbàgbé iṣẹ́ wọn. Tí wọ́n bá rí mi báyìí, èmi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, wọ́n á bi mí pé ṣé mo ti ṣe iṣẹ́ àmúrelé mi. Èmi náà á ní mo ti ṣe é, sir. Wọ́n á ní kí n mú un wá. Màá ní mò ń bọ̀, sir. Ojoojúmọ́ la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Gbogbo close ló mọ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ dá jáde. Tí wọ́n bá yọ́ dé géètì iwájú, Bọ̀dá Gàní á dìde, á di ọwọ́ wọn mú, àwọn méjèèjì á jọ máa ka two-times-two bọ̀ títí wọ́n á fi dé ẹnu ọ̀nà wọn.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, ó ti tó oṣù méjì báyìí. Mo fẹ́ lọ gba aṣọ lọ́dọ̀ télọ̀ mi, aago méjìlá ti lé díẹ̀, oòrùn ń jó ilẹ̀. Mo ṣí géètì ẹ̀yìn, mo fi àgádágodo kọ́ ara irin rẹ̀ láì tì í, torí mo rò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo máa lò. Nígbà tí mo débẹ̀, télọ̀ ò tíì rán apá mọ́ aṣọ. Mo jókòó tì í. Mo bá a jà, mo jẹ gúgúrú, mo tẹ fóònù, mo tún bá a jà. Aago mẹ́ta ni mo padà. Géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo wọlé, mo tì í, mo wo ọ̀tún wo òsì, kò sẹ́ni tó rí mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ gbọ́ o, mo dúpẹ́! Aago mẹ́rin ni Mummy Tísà jí lójú oorun ọ̀sán, tí wọn ò rí ọkọ wọn mọ́.

Gbogbo close tú jáde. Ohun àkọ́kọ́ tí ṣíámáànù ṣe ni pé wọ́n sáré lọ wo géètì ẹ̀yìn. Wọ́n bá a ní títì. Wọ́n mi àgádágodo yẹn, kò mì. Wọ́n ní ó dáa, a jẹ́ pé iwájú ni Daddy Tísà gbà jáde, a jẹ́ pé Bọ̀dá Gàní ló sùn lọ tàbí tó fi géètì sílẹ̀. Bọ̀dá Gàní ń búra pé òun ò kúrò nídìí géètì àfi ìgbà tóun lọ kí ìrun Àìlá, kò sì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni wọ́n dì mú. Bí gbogbo èèyàn ṣe kọjú sí iwájú nìyẹn. Wọ́n wá Daddy Tísà yíká gbogbo avenue, wọ́n wá wọn dé Mile 2, wọ́n lẹ àwòrán wọn mọ́ ara òpó iná, wọ́n pín in fún àwọn kọ̀ńdọ́ bọ́ọ̀sì. Kò sẹ́ni tó wá ẹ̀yìn. Èmi náà bá wọn lọ sí Mile 2 o. Mo gbé àwòrán dání, mò ń bi àwọn tó ń ta omi pé ṣé wọ́n rí bàbá kan báyìí báyìí… nígbà tó jẹ́ pé mo mọ̀. Láti ìgbà tí Mummy Tísà ti figbe ta ni mo ti mọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo tẹ̀ ẹ́ sórí WhatsApp close wa pé ṣé kò ní dáa ká tún wo ẹ̀gbẹ́ kánáàlì. Ṣíámáànù fèsì pé géètì ẹ̀yìn wà ní títì, ká má fàkókò ṣòfò. Ẹnì kan fi àmì ọwọ́ àdúrà sí i. Mo pa fóònù mi. Mo sọ fún ara mi pé mo ṣáà ti sọ ọ́. Ṣé mo sọ ọ́? Ẹ̀yin ẹ bá mi dá a… ṣé ohun tí wọ́n ń pè ní kéèyàn sọ̀rọ̀ nìyẹn?

Ọjọ́ kẹta ni àwọn tó ń gé koríko rí wọn nínú igbó ẹ̀gbẹ́ kánáàlì, lápá Satellite Town, wọ́n jókòó sínú ẹrẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan ti sọ nù. Ẹ̀mí ṣì wà lára wọn. Dókítà sọ fún Sister Bùnmi pé ká ní wọ́n rí wọn lọ́jọ́ kìíní ni… Ní ọjọ́ karùn-ún, Daddy Tísà dákẹ́. Àwọn kan béèrè pé báwo ni bàbá arúgbó ṣe ti iwájú dé ẹ̀gbẹ́ kánáàlì. Wọ́n dáhùn fúnra wọn pé ẹni tí ìgbàgbé ń ṣe lè rìn yí gbogbo Festac ká láì mọ̀. Mo bá wọn mi orí. Mo lọ síbi ìsìnkú. Èmi ni mo pín omi fún àwọn èèyàn.

Sister Bùnmi fẹ́ kí ọlọ́pàá gbé Bọ̀dá Gàní lójú ẹsẹ̀. Bàbá Kóòtù ló dá a dúró. Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa Bàbá Kóòtù díẹ̀. Akọ̀wé kóòtù ni wọ́n jẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, àwọn ló sì dá àṣà kan sílẹ̀ ní close wa látìgbà tí ìjà ògiri kan ti fẹ́ẹ̀ tú wa ká: ẹjọ́ tó bá lè lé èèyàn kúrò nílé, ṣíámáànù àtàwọn ọmọ ìgbìmọ̀ wọn ò gbọ́dọ̀ dá a. Wọ́n á kọ nọ́ńbà gbogbo fúláàtì sórí pépà, wọ́n á kó o sínú kúlà, wọ́n á yọ méjìlá níṣojú gbogbo èèyàn. Nínú méjìlá yẹn ni wọ́n ti máa ṣa méje tó máa dájọ́. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń ṣe ní kóòtù Èkó gan-an nígbà kan rí nìyẹn, pé jury ni wọ́n ń pè é, kí ìjọba tó pa á tì. A máa ń fi Bàbá Kóòtù ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi gan-an ni mo sọ ọ́ ní kóòtù abẹ́ igi fúrúùtù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá lẹ́tà lábẹ́ ilẹ̀kùn. Nọ́ńbà fúláàtì wa ti jáde. Ẹnì kan láti inú fúláàtì náà gbọ́dọ̀ wá, kò sí àwáwí. Mọ́mì mi ní ẹsẹ̀ ń ro àwọn, pé èmi tí mo mọ̀wé ni kí n lọ. Mo dúró síbẹ̀, mò ń ka lẹ́tà yẹn léraléra, kọ́kọ́rọ́ yẹn sì wà nínú báàgì tí mo fi kọ́ èjìká.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, àwa méjìlá jókòó sórí àga oníke lábẹ́ igi fúrúùtù, àwọn ará close yòókù dúró yí wa ká. Bọ̀dá Gàní jókòó níwájú wa lórí búkẹ́ẹ̀tì tó dojú dé. Bàbá Kóòtù wọ kóòtù dúdú nínú ooru yẹn, òógùn ń ṣàn létí wọn. Wọ́n ní kí wọ́n gbé Kùránì àti Bíbélì wá. Fúláàtì wa ló sún mọ́ ibẹ̀ jù, mọ́mì mi bá na Bíbélì tiwọn síta láti ojú wíńdò, wọ́n ní kí n wá gbà á. Bíbélì yẹn ni wọ́n ń kà láràárọ̀. Ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ mi sí, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbé e lọ fún Bàbá Kóòtù.

Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n ń bi olúkúlùkù. Ṣé o bá ẹni tó kú tàbí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn tan, tàbí ẹ jọ sún mọ́ra jù? Ṣé o ti dá ẹjọ́ yìí tán lọ́kàn rẹ kó o tó wá? Ǹjẹ́ ohun kan wà tó o rí tàbí tó o mọ̀ nípa ọjọ́ yẹn tí àwa yòókù ò mọ̀? Bàbá Kóòtù ní ẹni tó bá mọ nǹkan ò lè ṣe adájọ́, ẹlẹ́rìí nirú ẹni bẹ́ẹ̀. Bàbá kan ní bulọ́ọ̀kù kejì ní àwọn ti mọ̀ pé Gàní jẹ̀bi, kò sóhun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ mọ́. Wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Àǹtí kan ní Daddy Tísà ló mú òun wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó òun, wọ́n ní kó máa lọ. Ìyàwó ilé kan tiẹ̀ wo Bíbélì yẹn, ó ní ẹ̀rù ń ba òun láti gbọ́wọ́ lé e, òun ò mọ ìdí. Wọ́n ní kó máa lọ. Mo rí bó ṣe rọrùn tó! Mummy Tísà àti mọ́mì mi jọ ń gbàdúrà ní gbogbo Ọjọ́rú, tí mo bá sọ ìyẹn nìkan, mo ti bọ́. Kí ló dé tí mi ò sọ ọ́? Ẹ wá gbọ́ ọgbọ́n tí mo gbọ́n. Mo sọ fún ara mi pé tí mo bá kúrò níbẹ̀, kò ní sẹ́ni tó máa gba ti Bọ̀dá Gàní rò, ṣùgbọ́n tí mo bá jókòó síbẹ̀, mo lè fi ohùn mi yọ ọ́ láì sọ nǹkan kan nípa ara mi. Mo fẹ́ gba òun là, kí n sì gba ara mi là. Wọ́n kàn mí. Mo gbọ́wọ́ lé Bíbélì, mo ní rárá, rárá, rárá. Ìbéèrè kẹta yẹn, mo ti dáhùn kí Bàbá Kóòtù tó bi í tán.

Ó ku mẹ́sàn-án. Àṣà ni pé apá kọ̀ọ̀kan lè yọ ẹnì kan láì sọ ìdí. Sister Bùnmi yọ ẹni tirẹ̀. Ó wá kan Bọ̀dá Gàní. Ó dìde lórí búkẹ́ẹ̀tì, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ rántí pé ó mọ̀. Ta ni ì bá tún ṣí géètì yẹn? Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní, ó sì ti pa ẹnu mọ́ látìgbà náà. Nígbà tí Bàbá Kóòtù bi í pé kọ́kọ́rọ́ mélòó ló wà, ó ní méjì tí close ṣe, méjèèjì wà nílẹ̀. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Kò parọ́. Èmi tí mo lọ sí yunifásítì ni mo parọ́. Ojú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi, ó dúró. Mò ń bẹ Ọlọ́run lọ́kàn pé kó yọ mí, kó yọ mí, kó jẹ́ èmi ló máa yọ… Ó yọ bàbá tó jókòó tì mí. Ó wá nawọ́ sí mi, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí Àǹtí yìí wà níbẹ̀, ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ tẹ́ òun lọ́rùn. Àwọn èèyàn mi orí, ẹnì kan tiẹ̀ ní ó mọ ọmọlúàbí. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko… mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, mi ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n máa fi pa.

A ti jókòó lẹ́ẹ̀mejì látìgbà yẹn, àwa méje, ní pálọ̀ Bàbá Kóòtù. Àwọn mẹ́fà ti gbà pé Bọ̀dá Gàní jẹ̀bi. Mo gbìyànjú o. Mo ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìrun ò tó nǹkan. Wọ́n ní ọ̀nà wo wá ni Daddy Tísà gbà jáde, ṣé wọ́n fò ni? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá Kóòtù wá tún òfin sọ fún wa: ohùn àwa méjèèje gbọ́dọ̀ ṣọ̀kan. Tí a bá jọ nawọ́ sókè ní Sátidé, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ti dúró nìyẹn, wọ́n máa fà á fún ọlọ́pàá ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, wọ́n á sì kó ẹrù rẹ̀ síta. Tí ẹnì kan ò bá nawọ́, ẹni náà máa dìde níwájú gbogbo close, á sọ ohun tó mọ̀ tó mú kí tirẹ̀ yàtọ̀. Kò ní sọ pé àánú ṣe òun. Kò ní sọ pé bó ṣe rí lára òun nìyẹn. Á sọ ohun tó mọ̀. Ọgbọ́n tí mo gbọ́n yẹn ti di pàkúté sí mi lẹ́sẹ̀.

Ẹ dúró, ẹ má tíì dáhùn… ó ku nǹkan kan tí mi ò tíì sọ, mi ò tíì sọ ọ́ fún Ọlọ́run pàápàá. Lọ́jọ́ yẹn, bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti lọ sọ́dọ̀ télọ̀, mo pàdé Daddy Tísà lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n bi mí bí wọ́n ṣe máa ń bi mí. Mo ní mo ti ṣe é, sir. Wọ́n ní kí n mú un wá. Mo ní mò ń bọ̀, sir, mo sì kọjá lára wọn. Télọ̀ wà lórí fóònù, mò ń bá a jà. Bí mo ṣe ń sún mọ́ géètì ẹ̀yìn, mo gbọ́ ìró sílípáàsì lẹ́yìn mi, ó ń wọ́ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìrìn ẹni tí orúnkún ń dùn. Mo mọ ìrìn yẹn, mo ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà tí mo wà ní kékeré. Mi ò wẹ̀yìn. Mo ṣí géètì, mo jáde, mi ò wẹ̀yìn. Kì í ṣe pé wọ́n ṣìnà o… èmi ni wọ́n tẹ̀ lé. Wọ́n ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ àmúrelé lọ́wọ́ mi.

Lánàá, mo gba iwájú yí ká lọ sí ẹ̀gbẹ́ kánáàlì láti ju kọ́kọ́rọ́ yẹn sínú omi. Mo dúró síbẹ̀ títí, ọwọ́ mi kọ̀, kò ṣí. Àárọ̀ òní wá ni mo rí ohun tó jẹ́ kí n máa kọ̀wé sí yín. Mò ń lọ síbi iṣẹ́, Bọ̀dá Gàní ti fọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, ó sá a sórí ògiri, ẹrù rẹ̀ ti wà ní dídì lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ó dìde wá ṣí géètì fún mi bó ṣe máa ń ṣe. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì lejú. Ó sún mọ́ mi díẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀: “Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Mi ò ní dárúkọ yín láé. Ẹnu yín lẹ máa fi sọ ọ́.” Ó padà lọ jókòó. Kí nìyẹn túmọ̀ sí? Ṣé ó ń bẹ̀ mí ni? Ṣé èpè ni? Ṣé àdúrà ni? Látàárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ìró sílípáàsì yẹn lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì wa, níbi tó jẹ́ pé bàtà ọ́fíìsì ni gbogbo èèyàn ń wọ̀.

Tí mo bá sọ ọ́, Sister Bùnmi ò ní ṣàánú mi, ó lè jẹ́ èmi ni ọlọ́pàá máa gbé ní Sátidé. Iṣẹ́ mi, mo mọ ohun tí àwa tá a wà ní ọ́fíìsì máa ń ṣe fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Mummy Tísà ò ní wọ ilé wa mọ́. Mọ́mì mi… mi ò lè ro ti mọ́mì mi. Ṣé kí n sọ pé ara mi ò yá? Ṣé kí n lọ sọ́dọ̀ àǹtí mi l'Ábẹ́òkúta títí á fi kọjá? Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tí ọjọ́ yẹn bá bá mi lẹ́yìn ogún ọdún, níbo ni Bọ̀dá Gàní máa wà nígbà náà? Ta ni á ti tọ́ àwọn ọmọ mẹ́ta tó wà ní Ìkirè? Ẹ bú mi tẹ́ ẹ bá fẹ́ bú mi, mo tọ́ sí i, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bú mi tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìmọ̀ràn sí i.

Bí mo ṣe ń tẹ eléyìí, mọ́mì mi ń pè mí láti pálọ̀. Bàbá Kóòtù ti ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n tún yá àwọn ní Bíbélì ní Sátidé, torí a máa kọ́kọ́ búra ká tó dájọ́. Wọ́n ń nu èèpo rẹ̀ báyìí, wọ́n ní kí n wá wo ibi tí wọ́n kà dé. Àwòrán Daddy Tísà tó wà lára ìwé ìsìnkú ni wọ́n fi sàmì síbẹ̀. Wọ́n ń yangàn, wọ́n ní nínú gbogbo close, ọmọ tàwọn ni Gàní fọkàn tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kó tó di aago mẹ́rin Sátidé… ṣé kí n bá wọn nawọ́ ni, àbí kí n dìde?